Afárá Tí Mo Ní Ó Wà Níbẹ̀

Ẹ̀yin ará Pratorondo, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ agunkè tí ẹ péjọ sí gbọ̀ngàn ìjọ lónìí láti ṣètò ìrìn ẹ̀ẹ̀rùn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi máàpù yín sílẹ̀ ná. Mo bẹ àlùfáà pé kó bá mi ka ìwé yìí fún yín, nítorí orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà, ohùn mi kò sì jáde dáadáa mọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé ó ṣeé ṣe kí n má rí ìgbà tí ẹ ó máa gé koríko lọ́dún yìí. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n kú, kí ẹ gbé mi sin, kí ẹ sì máa pè mí ní èèyàn rere lójú oórì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Lónìí ni mo fẹ́ bì í, bó ti wù kó rùn tó.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Severino tó ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá orísun omi àárín ìlú. Àwọn àgbà yín mọ Agnese ìyàwó mi, ẹni tó kú láìtíì bímọ, nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún méjìdínlógójì. Láti ìgbà náà ni ilé mi ti dákẹ́. Bí mo bá fi ṣíbí kan àwo, gbogbo yàrá ló ń gbọ́. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń wọlé tọ̀ mí wá láìjẹ́ pé bàtà rẹ̀ ya, ìyẹn Attilio oníbúrẹ́dì. Èèyàn sísanra ni, ìyẹ̀fun kì í kúrò lára irun apá rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọ ilé. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tán, á gbé búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù há abíyá, á wá jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ mi, á ní, “Oníbàtà, tẹ́ máàpù yẹn kí n rí i. Kíá o, kí oorun tó gbé mi lọ.” Èmi á kó òòlù àti ìṣó kúrò lórí tábìlì, màá tẹ́ máàpù náà, àwa méjèèjì á sì tẹrí sórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa ṣú.

Ìrìn kan ṣoṣo là ń ṣètò. Ọgbà ìjọba tó wà lẹ́yìn òkè wa là ń fẹ́ kọjá já, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò, tí kò sí ilé, tí ewúrẹ́ òkè ń rìn bí onílé. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọjọ́ kìíní, ká gòkè dé ilé òkúta tí àwọn darandaran ń lò, ká sùn síbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ká gba àárín òkè méjì kọjá, ká fi afárá onígi sọdá odò tó ń sáré nínú kòtò jíjìn, ká sì dé ilé àlejò tí Gaspare ń tọ́jú. Ọjọ́ kẹta, ká lọ wo adágún. Ọjọ́ kẹrin, ká sọ̀kalẹ̀ sí abúlé òdìkejì, ká wọ bọ́ọ̀sì wálé. Ọdún méjìlá la fi ṣètò rẹ̀ láìlọ. Bí ààrò Attilio kò bá bàjẹ́ lọ́dún yìí, Nives ọmọ rẹ̀ á ní èéyi lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kí Agnese mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Kí n sọ òótọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mí pé a kì í lọ. Attilio a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, “Ìwọ Severino, bí a bá lọ tán, kí la ó tún máa sọ? Ojú ara wa la ó kàn máa wò bí akọ màlúù méjì.”

Ní oṣù kẹta, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ó wọlé ní ọjọ́ Ajé. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀, nítorí kì í wá lọ́jọ́ Ajé. Kò jókòó. Ó ní, “Àbúrò Delfina ìyàwó mi tó wà ní Genoa létí òkun ti gba ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó ní ká wá bá òun ṣe é. Ọmọ á ráyè lọ ilé ìwé gidi. A ó kó lọ ní ìparí oṣù kẹfà.” Mo ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Mò ń lu àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà lọ, kò sì sí ìṣó kankan níbẹ̀. Ó rí i. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, “Ká lọ kí n tó kó lọ, oníbàtà. Àárín oṣù kẹfà. Delfina ti fún mi lọ́jọ́ mẹ́rin péré, ó ní tó bá di ọjọ́ karùn-ún, òun á ta mí fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.” Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó jáde tán, mo jókòó síbẹ̀ pẹ́, mo ń wo àpótí tó máa ń jókòó lé.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn náà, mo pe Gaspare lórí tẹlifóònù. Ó wà nílé rẹ̀ ní abúlé òdìkejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè bọ̀. Mo béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ó ní, “Ọ̀nà wo? Òkìtì yìnyín ya lulẹ̀ láti orí òkè ní oṣù kẹrin, ó gbé afárá lọ. Okùn irin méjì péré ló kù tó ń fì. Kò sí ẹni tó máa tún un ṣe kó tó di àárín oṣù keje. Mi ò tíì ṣí ilé àlejò pàápàá.” Mo ní ṣé yìnyín kò ṣì bo orí odò náà ni, tí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kọjá. Inú bí i. Ó ní, “Severino, omi ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán. Lókè, ó dà bí ilẹ̀. Lábẹ́, òfìfo ni. Ẹ dúró di oṣù keje, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà àyíká, ọjọ́ mẹ́fà. Sọ fún ẹnikejì rẹ o.” Mo ní, “Mo gbọ́. Màá sọ fún un.” Ó tún un sọ: “Ṣé wàá sọ fún un?” Mo ní, “Ah, Gaspare, ṣé ọmọdé ni mí ni?”

Ní Ọjọ́bọ̀, Attilio wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀. “Kí ni Gaspare wí?” Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀: bí mo bá sọ ọ́, a ò ní lọ. Ọjọ́ mẹ́fà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá di oṣù keje, á ti máa ta búrẹ́dì létí òkun, èmi á sì wà pẹ̀lú àwo àti ṣíbí mi. Mo ní, “Ó ní kò séwu. Yìnyín ti yọ́, afárá wà níbẹ̀ digbí. Ó ní òun á ti gbé ọbẹ̀ kaná dè wá.” Mo tilẹ̀ fi ọbẹ̀ sí i! Ta ló bi mí ní ọ̀rọ̀ ọbẹ̀? Attilio pàtẹ́wọ́. Ó béèrè pé, “Ṣé ká mú okùn?” Ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run tún ti ṣílẹ̀kùn fún mi lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin ará. Ká ní mo sọ pé ká mú okùn ni, bóyá Attilio ì bá ti darúgbó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní afárá wà, kí ló fẹ́ fi okùn ṣe? Mo ní, “Okùn kẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ la fẹ́ lọ so?” Nínú ìwé ètò wa, lábẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ pé: afárá, ó wà.

Ọjọ́ kìíní dùn. N kò ní purọ́ lórí ìyẹn, nítorí òun ni ọjọ́ tó dùn jù láyé mi. A jẹ wàràkàṣì àti búrẹ́dì lórí àpáta, Attilio ń kọrin fún àwọn ewúrẹ́ òkè, ó ní èyí tó wo òun jù jọ ìyá ìyàwó òun. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó gun orí, a dé etí kòtò. Okùn irin méjì ń fì nínú atẹ́gùn bí Gaspare ṣe wí. Attilio dúró. “Afárá dà?” Mo ní, “Ó ní láti jẹ́ àná ló já.” Ó wò mí. “Gaspare ò ní rí i ni?” Mo ní, “Ta ló mọ̀? Àgbà ti dé sí i.” Nísàlẹ̀ díẹ̀, yìnyín bo orí odò láti etí kan dé èkejì, ó funfun, ó tẹ́ bí àkéte. Attilio ní, “Jẹ́ ká padà, oníbàtà. Mo ní ọmọ.” Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ní ká padà. Òun ló sọ ọ́. Èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, “Ọdún méjìlá, lo wá fẹ́ sá? Lọ síbi òkun rẹ kí o lọ máa jẹ ẹja. Ẹsẹ̀ rẹ ti di ìyẹ̀fun.” Ojú rẹ̀ yí padà, ó dùn ún. Ó wá rẹ́rìn-ín, nítorí kì í bínú pẹ́. Ó ní, “Ó dáa, ẹlẹ́nu mímú. Jẹ́ kí n ṣáájú. Bó bá gba ikùn mi, á gba ìwọ eegun lásán yìí.”

Ó dé àárín yìnyín náà. Ó tilẹ̀ yíjú padà láti fi mí ṣẹ̀sín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí alágbára. Lẹ́yìn náà, n kò rí i mọ́. Kò sí ariwo ńlá kankan, àfi ohùn kan bí ìgbà tí èèyàn bá gbé àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀. Ihò kan ṣí níbi tó wà. Mo dojú bolẹ̀, mo ń fàyà fà lọ síbẹ̀, mo ń pe orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ó há sí abẹ́ níbi kan, omi ń gbá a, n kò sì ní okùn. N kò ní okùn! Yìnyín tún ń sán lábẹ́ mi. Ó gbọ́ ọ, ó sì pariwo pé, “Severino, má wá síbí! Dúró síbẹ̀!” Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tí mo tàn wá síbẹ̀ lo èémí tó ṣẹ́ kù fún un láti gbà mí là. Mo padà sétí kòtò, mo dúró. Mo ń pè é, omi nìkan ló ń dáhùn. Mo dúró títí yìnyín tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀, mo sùn nínú ihò àpáta, lọ́jọ́ kejì ni mo tó wọ́ ara mi wálé. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ni òtútù gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọdé máa ń fi ìbẹ̀rù wo ẹsẹ̀ mi bíi pé ẹsẹ̀ akọni ni.

Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi nílé ìwòsàn. Delfina jókòó sí igun yàrá, ó wọ kóòtù Attilio. Sájẹ́ńtì ní, “Gaspare sọ pé òun kìlọ̀ fún yín lórí tẹlifóònù. Ṣé lóòótọ́ ni?” Mo rí i pé ilẹ̀kùn ti tì lẹ́yìn mi. Mo ní, “Lóòótọ́ ni.” “Ṣé o sọ fún Attilio?” Mo wo ojú Delfina. Mo ní, “Mo sọ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká má lọ. Ó ní òun ò gbọ́, òun ti dúró fún ọdún méjìlá. Ní etí odò, mo ní ká padà, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.” Gbogbo ohun tí mo ṣe, mo bọ́ ọ lọ́rùn ara mi, mo fi kọ́ òkú lọ́rùn. Kì í tún ṣe pé mo sọ ọ́ lójijì. Mo ti tún un sọ nínú ọkàn mi jálẹ̀ gbogbo ọ̀nà tí mo fi wọ́ bọ̀ wálé. Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn, mo ju ìwé ètò wa sínú iná.

Ẹ gbọ́ ohun tí Delfina ṣe. Ó dìde níbi igun náà, ó wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, ó di ọwọ́ mi mú. “Severino, dárí jì í. O mọ̀ pé olórí kunkun ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀.” Opó tí mo sọ di opó ló ń bẹ̀ mí.

Wọn kò lọ sí Genoa mọ́. Àbúrò rẹ̀ gba ẹlòmíì. Delfina ń dá búrẹ́dì ṣe, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, á gbé abọ́ tó fi aṣọ dì wá sílé mi: ẹran ehoro pẹ̀lú polenta, òkèlè àgbàdo gbígbóná, tàbí ọbẹ̀ ẹ̀wà. Ó ní gbèsè ọkọ òun ni òun ń san. Á jókòó, á bá mi jẹun, á bá mi sọ̀rọ̀. Ọdún ọgbọ̀n. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi burú sí nìyí, ó sì tì mí lójú ju ikú lọ: inú mi máa ń dùn. Mo ti pa ọ̀rẹ́ mi kí n má baà dá wà, ìyàwó rẹ̀ sì ń bá mi jẹun. Irọ́ mi ló ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ Àìkú kan tí kì í mẹ́nu ba orúkọ rẹ̀, bó bá sì ti lọ tán, ilé náà á tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ mi kò mọ̀ mí. Ẹni tí wọn kò mọ̀, bó jókòó sáàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn, òun nìkan ló jókòó.

Nives, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ń ti ilé ìwé bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Ọmọ òmùgọ̀ orí yìnyín!” Mo gbọ́ ọ láti inú ìsọ̀ mi. Mo sì ń lu bàtà lọ. Ọmọ náà kò gun òkè kankan títí dòní. Nínú gbọ̀ngàn tí ẹ jókòó sí yìí, gbogbo ìgbà ìrúwé ni olórí ẹgbẹ́ ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ṣe bí Attilio tí kò gbọ́ràn. Èmi, níjòókòó iwájú, èmi ni mo máa ń mi orí.

N kò tíì sọ èyí tó burú jù. Lọ́dún tó kọjá, ní oṣù kejì, Delfina ránṣẹ́ pè mí. Ó dùbúlẹ̀, oòrùn ọ̀sán gba fèrèsé wọlé sórí ibùsùn rẹ̀, ó ti tín-ín-rín bí ọmọdé. Ó ní kí Nives bọ́ sí ìta. Ó ní, “Severino, mo ń lọ bá a. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, o kò tíì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ rí pé o ti dárí ji Attilio. Sọ ọ́ kí n lè sọ fún un.” Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn kẹta nìyẹn, ó sì ṣí gbayawu. Àwa méjì péré ni. Ó ń kú lọ. Bí mo bá sọ òótọ́, á kú pẹ̀lú mímọ̀ pé ọkọ òun kò já òun sílẹ̀ nítorí òkè kan, pé ó rántí ọmọ rẹ̀ létí odò. Mo la ẹnu. Mo wo ojú rẹ̀, ojú kan ṣoṣo tó ṣì ń wò mí pẹ̀lú ìfẹ́ láyé yìí, ẹ̀rù sì bà mí láti pàdánù rẹ̀, kódà fún wákàtí tó kù. Mo ní, “Mo ti dárí jì í.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹnu ko ọwọ́ mi. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Mo dárí ji ẹni tí mo pa!

Nígbà tí àìsàn gbé èmi náà dé ilé ìwòsàn, Nives bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọbẹ̀ wá fún mi nínú abọ́ ìyá rẹ̀. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo ní kó gbé abọ́ náà sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti kọ ọ́ síbí. Kò sunkún. Ó jókòó, kò bọ́ kóòtù. Ó béèrè pé, “Kí ni bàbá mi sọ kẹ́yìn?” Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń kí mi pé, “Bàbá Severino, ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé.” Lọ́jọ́ náà, ó dìde, ó ní, “Severino, kọ ọ́ sílẹ̀. Kí o kọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Mi ò dárí jì ọ́. Bóyá mi ò ní dárí jì ọ́ láéláé, má dúró dè é.” Ó gbé abọ́ ìyá rẹ̀, ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó lọ. Kò tíì padà wá. Kò sí ẹni tó ń wá mọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe yìnyín ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Bí ìwọ àti ẹnìkan bá jọ ń ṣètò ìrìn, tí o sì gbọ́ ohun tó lè mú kó má lọ mọ́, sọ ọ́ fún un, kódà bó jẹ́ òun nìkan lo ní láyé. Jẹ́ kó lọ síbi tó ń lọ. Èèyàn lè kọ lẹ́tà sí Genoa. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, èmi kò sì ronú kàn án rí lọ́dún náà.

Ìdáríjì, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹ má sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì Attilio àti Delfina. Ìwọ Nives, bí o bá wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, má wo ilẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ kì í ṣe òmùgọ̀, kò sì ṣe orí kunkun. Ó gbà mí gbọ́ ni.